Ẹ̀yà Pọ́ńpù Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti Kambolé

Ọwọ́ ọ̀tún Àmúdà ti wú, níbi tí wọ́n ti nà án ní àtìmọ́lé. Hàrúnà rí i kí ó tó jókòó, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó ṣí gègé, ó sì fi Faransé bèèrè ohun tó ti ń bèèrè láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún sẹ́yìn.

"Àwọn ẹ̀yà pọ́ńpù yẹn, ta lo kó wọn fún?"

"Mi ò kó wọn fún ẹnì kankan." Faransé Àmúdà ń kọsẹ̀. "Wọ́n wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ ní wọn ò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ..." Àmúdà wá ọ̀rọ̀ tó kàn, kò rí i. Ó gbójú sókè, ó la ẹnu láti sọ ọ́ ní èdè ilé. Hàrúnà na ọwọ́ sókè pé rárá. Faransé ni wọ́n ń sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá Sokodé. Bí ọlọ́pàá ọmọ Kambolé àti afurasí ọmọ Kambolé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá nínú yàrá kan, ta ni kò ní sọ pé wọ́n ti di ọ̀ràn náà pọ̀?

Àmúdà pa ẹnu dé. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó fi ọdún méjìlá ju Hàrúnà lọ, ilé wọn ò sì jìnnà síra ní Kambolé. Ní ìta, Hàrúnà ì bá dọ̀bálẹ̀ kí i. Nínú yàrá yìí, bí ọmọdé ló ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ohun tó gbé wọn débẹ̀ nìyí. Ọdún 2003 ni. Ilé ńlá kan wà ní Sokodé tí wọ́n ń kó ẹ̀yà pọ́ńpù omi àwọn abúlé sí: rọ́bà, awọ, nọ́ọ̀tì tí kò ju hóró àgbàdo lọ. Àmúdà ni olùtọ́jú ẹrù ibẹ̀. Ara ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́, etikẹ́ẹ̀tì tí kò tó èékánná ọmọńdinrín, tí ilà tín-ín-rín tín-ín-rín kún ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fọwọ́ mú. Á tan iná pupa sára àwọn ilà náà, á dún pí, á sì ti ka ẹ̀yà yẹn mọ́ iye. Òkè òkun ló ti wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ oníjó wọ aṣọ tí àwòrán Ààrẹ wà láyà rẹ̀, wọ́n jó nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi irú ijó bẹ́ẹ̀ gbà, ta ló tó sọ pé kò mọ ìṣirò?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ka gbogbo ẹrù, ó ní ẹ̀yà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ò sí. Kọmísẹ́ẹ̀, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, rán Hàrúnà lọ, nítorí òun ló mọ̀dí ọ̀ràn jù nínú wọn. Òun ló mú àwọn tó ń gbé igi tíìkì kọjá ibodè, ẹrẹ̀ ìdí bàtà wọn lásán ló fi dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ pé ará Kambolé ni olùtọ́jú ẹrù, ẹ̀rù bà á. Ó rò ó pé wọ́n á ní òun ń gbè sẹ́yìn ará ilé òun. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì lọ́jọ́ náà, ó ti ti Àmúdà mọ́lé, ó ti fi èdìdì ìjọba dí ilẹ̀kùn ilé ẹrù, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà yìí. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìwé ẹ̀sùn Àmúdà yóò lọ sọ́dọ̀ olùpẹjọ́ ìjọba. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti débẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni yóò ti máa retí ọjọ́ ìdájọ́, ìrètí náà sì lè gba ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n mú Àmúdà padà sínú àtìmọ́lé, Hàrúnà ò dìde. Ó fa ìwé tí ẹ̀rọ kọ jáde, èyí tó ti kà tó ogún ìgbà. Gbogbo ohun tó sọnù, ti Kambolé ni. Ọjọ́ kìíní ló ti rí i, ohun tó sì rò nígbà náà ni pé ará Kambolé ló jí ti Kambolé, ọ̀rọ̀ parí. Lónìí, ọwọ́ tó wú yẹn ò jẹ́ kí ó parí. Ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn, inú àpótí kan náà ni ti Bago àti ti Koussountou wà. Olè wo ló máa ń jí ti ilé bàbá tirẹ̀ nìkan, tó sì fi ti aládùúgbò sílẹ̀?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, òun sì ti gba ẹjọ́ ẹ̀rọ nìkan dá.

*

Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́bàá ọjà ńlá Sokodé, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìkéde òkú. Tàwàkálítù ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ibẹ̀, ọmọbìnrin Kambolé tó wá ṣiṣẹ́ ní Sokodé. Òun ló tẹ gbogbo etikẹ́ẹ̀tì ilé ẹrù náà. Bó ṣe rí Hàrúnà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ṣú.

"Mo mọ̀ pé ẹ ó wá," ó ní. "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ọlọ́pàá tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, etí rẹ̀ á nà. Hàrúnà fa àga. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe."

"Kí lo ṣe?"

"Tẹ́lẹ̀, ilà dúdú la máa ń tẹ̀, ara pépà aláwọ̀ la máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Pépà aláwọ̀ewé fún Bago, aláwọ̀ búlúù fún Koussountou, funfun fún Tchamba, pupa fún Kambolé. Àwọn tó ń tún pọ́ńpù ṣe lábúlé ò mọ Faransé kà, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ti wọn." Ó gbé itọ́ mì. "Oṣù tó kọjá, pépà aláwọ̀ tán. Wọ́n ní gbogbo etikẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ di tuntun kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo bá lo pépà funfun fún gbogbo wọn, mo wá kó àwọ̀ náà sára ilà, ti Tchamba nìkan ni ilà rẹ̀ ṣì dúdú. Mo tún sọ wọ́n di kékeré sí i kí wọ́n lè gba ara nọ́ọ̀tì. Ṣé ìyẹn ni ẹ̀rọ ò ṣe rí wọn?"

Hàrúnà sún àga mọ́ ọn. Bí ilà bá kéré jù, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ lè má rí i kà. "Ṣé ti Kambolé kéré ju ti Bago lọ?"

"Rárá o. Gbogbo wọn dọ́gba."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ka ti Bago pé ṣánṣán."

Bó bá jẹ́ pé kíkéré ilà ló fà á, ó yẹ kó kan gbogbo wọn. Èyí kan ìlú kan ṣoṣo. Hàrúnà ní kí ọmọbìnrin náà tẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pépà fún òun, ó ká a sínú àpò.

"Ta ló yan pupa fún Kambolé?"

"Alájì Tàjùdíìnì, olórí ìgbìmọ̀ omi Kambolé." Tàwàkálítù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ń fún Bàbá Àmúdà lóúnjẹ?"

Hàrúnà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò ti bèèrè.

*

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó gun alùpùpù gba Tchamba kọjá lọ sí Kambolé. Ohun tó ń rò rọrùn. Bí Àmúdà bá jí ẹ̀yà pọ́ńpù ti Kambolé, Kambolé ló yẹ kí wọ́n wà. Á bá pọ́ńpù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo nǹkan á sì yé e.

Pọ́ńpù tó bá níbẹ̀, koríko ti hù nídìí rẹ̀. Ọwọ́ irin rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ó fà á sókè, ó fà á sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń mí sí i.

"Ó ti tó oṣù kan tó ti kú," ohùn obìnrin kan sọ lẹ́yìn rẹ̀. Àṣàbí ni, ìyàwó Àmúdà, ó gbé báàfù omi odò lórí, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó mọ ẹni tí Hàrúnà jẹ́. Ó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe àti ohun tó ti ṣe. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ sọ báàfù kalẹ̀, ó kí i tilé-tọ̀nà, ó bu omi sínú igbá, ó sì gbé e fún un gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

Hàrúnà wo omi náà. Àwọ̀ tíì oníwàrà ló ní. Ó gbé e mu tán, nítorí kò sí bí ó ṣe lè gbójú sókè kí ó ní òun ò mu ún. Ì bá dára kí obìnrin náà bú u.

"Ìyá, nígbà tí ọkọ yín wálé kẹ́yìn, ṣé ó kó ẹrù kankan bọ̀?"

"Ó mú rọ́bà kan bọ̀, pẹ̀lú ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí. Ó gbé e fún Mọ́rúfù tó ń tún pọ́ńpù ṣe ní Tchamba. Wọ́n ní ó ku ẹ̀yà mẹ́rin kí iṣẹ́ tó pé. Ó ní òun á padà lọ mú wọn wá, ẹ sì ti mú un."

Alájì Tàjùdíìnì jókòó sẹ́bàá mọ́sáláṣí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Hàrúnà dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì bèèrè ìdí tó fi yan pupa.

"Ọmọ mi, o ò gbé ìlú yìí pẹ́, ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n," bàbá náà dáhùn. "Bí wọ́n bá ń pín nǹkan ní Sokodé, tiwa ló máa ń kẹ́yìn. Wọ́n á ní àwọn ò rí orúkọ wa. Mo wá ní kí wọ́n fún wa ní pupa, torí pupa ni ojú kọ́kọ́ máa ń rí. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun ò rí ti Kambolé." Ó wo Hàrúnà tààrà. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o rí wa?"

Hàrúnà dìde. Ó lọ sídìí alùpùpù rẹ̀.

*

Tàpólì pupa ni Mọ́rúfù ta sókè sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tchamba, oòrùn ọ̀sán sì ń gba inú rẹ̀ kọjá tó fi jẹ́ pé gbogbo abẹ́ rẹ̀ ló pọ́n, ènìyàn, irin, àti tíì tó ń mu. Ó ju rọ́bà náà sórí tábìlì, ó fi ìwé rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ẹ wò ó. Ẹ má wá sọ pé mo ra ẹrù olè."

Ìfọwọ́sí wà lórí ìwé náà, èdìdì sì wà. Hàrúnà yí rọ́bà náà, ó wo etikẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Pépà òfìfo lásán ni. Kò sí ilà kankan.

"Mọ́rúfù, ta ló pa ilà ara rẹ̀ rẹ́?"

"Ilà wo? Bí Àmúdà ṣe fún mi nìyẹn."

Hàrúnà rò ó pé ọwọ́ òun ti tẹ ayédèrú. Ẹnì kan ti ń lẹ etikẹ́ẹ̀tì òfìfo mọ́ ẹrù kí ẹ̀rọ má baà mọ̀ ọ́n. Ó dìde wàrà, ó jáde sínú oòrùn kí ó lè wò ó dáadáa. Àwọn ilà náà wà níbẹ̀. Wọ́n pọ́n rokoṣo, wọ́n tò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí èyí tó já.

Ó padà sábẹ́ tàpólì. Wọ́n parẹ́. Ó tún jáde. Wọ́n yọ.

"Ṣé ara yín yá, ọ̀gá?" Mọ́rúfù bèèrè. "Ṣé ẹ ti jẹun ṣá?"

Hàrúnà dúró sójú oòrùn. Abẹ́ tàpólì, ìmọ́lẹ̀ pupa ni. Ìmọ́lẹ̀ pupa ń sọ pépà funfun di pupa. Ilà pupa tó wà lára rẹ̀ á wá rì sínú rẹ̀, ojú ò ní yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ó rántí ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí rẹ̀ ní Sokodé, tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Irú iná wo ló máa ń tàn?

Kò dágbére fún Mọ́rúfù kó tó gun alùpùpù.

*

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó tẹ́ pépà Tàwàkálítù sórí tábìlì, ó sì gbé ẹ̀rọ náà lé e. Dúdú ti Tchamba, pí. Búlúù ti Koussountou, pí. Àwọ̀ ewé ti Bago, pí. Ó mú un lọ sórí pupa. Ó dúró. Ó tún un mú, ó sún un mọ́ ọn, ó gbé e jìnnà. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọ̀ tí ojú ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rí ni ojú rẹ̀ fọ́ sí.

Ó lọ sí ẹnu àtìmọ́lé. Àmúdà jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ tó wú lé itan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, Hàrúnà fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ ń mú rọ́bà yẹn jáde, ṣé ẹ̀rọ dún?"

"Kò dún. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n mú. Ojú tì mí, kí wọ́n má baà ní ará oko ni mí, mo bá fi bíìrò yọ ọ́ kúrò nínú iye tó wà nínú ìwé ẹrù."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Gbólóhùn méjì ni mo sọ, o ní kí n sọ ọ́ ní Faransé. Mi ò ní Faransé rẹ̀." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì dun Hàrúnà jù. Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀, ó fẹ́ kí ilẹ̀ là kí ó wọlé.

Àwọn méjèèjì ló jọ lọ sí ilé ẹrù. Hàrúnà já èdìdì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì. Àmúdà lọ tààrà sídìí àwọn àpótí, ó ń fi ọwọ́ òsì fà wọ́n jáde, Hàrúnà ń kà. Rọ́bà, awọ, nọ́ọ̀tì. Nígbà tó ka mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò sí pupa mìíràn nínú àpótí kankan. Wọ́n pé. Wọn ò kúrò níbẹ̀ rí. Pọ́ńpù Kambolé sì kú ní gbogbo ọjọ́ yẹn nítorí pé ẹ̀yà mẹ́rin tó ń dúró dè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ọmọ Kambolé tì.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Kọmísẹ́ẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ pa fèrèsé dé.

"Hàrúnà, ṣé o rántí èèyàn ńlá ìjọba tó gé rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ ijó?"

"Mo rántí, ọ̀gá."

"Ṣé ohun tó gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ lè máa fọ́jú?"

Kọmísẹ́ẹ̀ padà jókòó.

"Nítorí náà, ènìyàn ló ṣe é. Ọmọbìnrin tó tẹ̀ ẹ́. Kọ ọ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ lo pupa kí ó lè ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́. Tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀, gbé ìyẹn wá. Ará ibo ni?"

"Ará Kambolé ni."

"Ó dáa náà. Ìwọ náà ará ibẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò sọ pé o ṣègbè."

Ọ̀rọ̀ náà gún Hàrúnà, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Òun gan-an ló ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, kí ó tó na ọwọ́ sí èdìdì.

"Mo ti kọ ọ́ tán, ọ̀gá." Ó gbé ìwé kan sórí tábìlì. Kò gùn. Ó ní òun, Hàrúnà, ló ti ènìyàn mọ́lé, tó sì dí ilẹ̀kùn ilé ẹrù láìka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ti kà á báyìí. Ó ní kò sí ohun tó sọnù, kò sí olè, kò sì sí ẹlẹ́bi mìíràn yàtọ̀ sí òun. Kò dárúkọ ẹ̀rọ rárá. Kò dárúkọ ọmọbìnrin kankan.

Kọmísẹ́ẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di etí rẹ̀ mú láti fà á ya.

"Ẹ̀dà kan ti wà lọ́dọ̀ akọ̀wé olùpẹjọ́ láti aago mẹ́sàn-án," Hàrúnà sọ fún un. "Èkejì wà lọ́wọ́ dírẹ́tọ̀ ilé ẹrù. Àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á."

Ọ̀gá náà rọra gbé ìwé náà kalẹ̀. "O mọ ìwé kọ. Ó ṣeni láàánú pé o ò ní rí i kọ mọ́. Bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀ kí o tó jáde."

*

Àmúdà ti wà ní ìdíkọ̀ àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Tchamba nígbà tí Hàrúnà bá a, ó dúró de kí ọkọ̀ kún. Hàrúnà wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku, lójú àwọn oníṣu, àwọn onísèmíjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò àti gbogbo ènìyàn, kò sì bìkítà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Ará ilé ni mo kọ́kọ́ mú, kí ará ìta má baà bú mi."

Àmúdà ò fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, bí àgbà ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀. Kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Ìbéèrè kan péré ni mo ní," ó sọ níkẹyìn. "Ká ní ará Bago ni mí, Hàrúnà, ṣé wàá ka ẹrù yẹn kí o tó ti ilẹ̀kùn?"

Ó lè purọ́. Irọ́ kékeré ni ì bá jẹ́, ì bá sì tu àwọn méjèèjì lára.

"Ǹ bá kà á, ẹ̀gbọ́n."

Àmúdà mi orí. Ó fi ọwọ́ òsì gbé àpò rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó sì jókòó síbi tí kò ti ní rí ẹni tó wà nílẹ̀.